Ìlera Ìdílé: C Tí Kò Yọjú Nínú Àyẹ̀wò

  Ọ̀rọ̀ ikọ́ ọmọ ọwọ́ ni mo fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan dé tí kò jẹ́ kí n lè sùn. Jẹ́ríkò níhìn-ín ní Ìbàdàn ni ó ti wá, láti apá Ìdí-Ìṣìn. Ojú ewé mẹ́rin ni, inú ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni ìyá náà sì ti ya á. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ náà síta bí ó bá lè ran ìyá mìíràn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Àkọ́bí rẹ̀, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 14, ni ìbàdí ń dùn. Àwọn kan ní làkúrègbé ni, àwọn kan ní egungun ọmọ tí ń dàgbà ni, wọ́n fi òróró pa á, wọ́n gbàdúrà sí i. Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, dókítà ní kí wọ́n lọ yẹ jẹ́nótáìpù rẹ̀ wò. Èsì jáde: SC. Bẹ́ẹ̀ bàbá ọmọ jẹ́ AS, ìyá jẹ́ AA. Ìwé àyẹ̀wò méjèèjì tí wọ́n kó wá fún ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó kí a tó so wọ́n pọ̀ ṣì wà nínú àpótí.

"Níbo ni C ti wá?" Ìyá ọkọ ni ó béèrè. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kan, ó béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ó di ẹ̀kẹta kò béèrè mọ́, ó kàn ń wo ojú ọmọ náà bí ẹni tí ń wá ẹni tí ó jọ. Bàbá ọmọ kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti kó lọ sí yàrá kejì. Ìyá ọmọ wá kọ ọ́ sí mi pé, "Màmá, ẹ bá mi sọ fún wọn, n kò mọ ọkùnrin kankan lẹ́yìn ọkọ mi."

Ọmọ mi, nu ojú rẹ. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo fẹ́ kọ́kọ́ dá ọkọ rẹ àti ìyá ọkọ rẹ lóhùn, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi sùúrù ka ìpínrọ̀ tí ó tẹ̀lé e yìí, kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba lẹ́tà kan lọ́wọ́ bàbá, ó ń gba lẹ́tà kan lọ́wọ́ ìyá. Ẹni tí ó jẹ́ AA kò ní ohun mìíràn láti fún ọmọ ju A lọ. Bí ìyá ọmọ yìí bá jẹ́ AA nítòótọ́, A gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ẹni yòówù kí ó jẹ́ bàbá rẹ̀. Ṣé A wà nínú SC? Kò sí. Kò sí ọkùnrin kan ní gbogbo ayé tí obìnrin AA lè bí ọmọ SC fún. Nítorí náà èsì tí ó jáde yìí kò fi ẹ̀sùn kan ìyá ọmọ rárá. Ìwé tí a kọ AA sí ni ó fi ẹ̀sùn kàn. Bí àyẹ̀wò ọmọ náà bá péye, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ tí ó jẹ́ AS ni S ti wá, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni C sì ti wá. AC ni ìyá. Kò fìgbà kan jẹ́ AA rí.

Báwo wá ni a ṣe ń kọ AA fún ẹni tí ó jẹ́ AC? Èmi tí mò ń kọ èyí lo ọdún púpọ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí a ti ṣe é, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi ṣe é rí. Àyẹ̀wò kan wà tí ó yá, tí kò sì wọ́n. A ó kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú túùbù tí oògùn wà nínú rẹ̀, a ó gbé e síwájú ìwé tí a fa ìlà dúdú sí. Bí a bá ń rí ìlà náà gba inú túùbù kedere, kò sí S nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Bí ìlà náà bá ṣókùnkùn, S wà níbẹ̀. Ó parí. S nìkan ni àyẹ̀wò yìí mọ̀. Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ AC sí i, ìlà yóò hàn kedere bí ti AA. Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ SC sí i, yóò ṣú bí ti AS. Bí ọwọ́ bá kún, tí ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn ènìyàn sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, akọ̀wé yóò kọ AA fún ti àkọ́kọ́, yóò kọ AS fún èkejì, yóò lu òǹtẹ̀, ó sì di ohun tí pásítọ̀ àti àwọn òbí ń gbé ka orí.

Àyẹ̀wò tí ó lè ya C sọ́tọ̀ ni èyí tí wọ́n ń fi iná ṣe, tí wọ́n ń pè ní electrophoresis. A ó tọ́ ẹ̀jẹ̀ sórí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí omi oògùn ti rin, iná yóò sì máa fà á lọ. A á sáré ṣíwájú, S á tẹ̀lé e, C á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Kò le láti ṣe, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò, ó sì ń fẹ́ iná tí kò ní lọ láàárín. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú yìí mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ̀rọ mìíràn tún wà nísinsìnyí ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, tí wọ́n ń pè ní HPLC.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ibi tí C yìí ti wá, nítorí àwọn kan gbà pé ohun àjèjì ni. Ní 1950 ni Itano àti Neel kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ gan-an ni ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Àríwá Ghana àti Burkina Faso ni ó ti pọ̀ jù lọ, ó sì nà dé ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1959, Lehmann àti Nwokolo kọ ọ́ pé Odò Ọya dà bí odi fún un: bí ènìyàn bá ti kọjá odò náà lọ sí ìlà oòrùn, C di ohun tí ó ṣọ̀wọ́n. Ẹ wá rí i pé tiwa ni. Nínú wa, ó tó nǹkan bí ènìyàn kan nínú ogún tí ó gbé e. Ìdí tí ó fi wà títí di òní ni pé ó ń gbèjà ẹni tí ó ni ín lọ́wọ́ ibà. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí ní Burkina Faso sọ ní 2001 pé ewu ibà dín ní 29 nínú 100 fún àwọn AC, ó sì dín ní 93 nínú 100 fún àwọn CC. S náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Níhìn-ín ní UCH ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní 1970 pé bí kòkòrò ibà bá wọ sẹ́ẹ̀lì ẹni tí ó jẹ́ AS, sẹ́ẹ̀lì náà tètè ń tẹ̀ kọdọrọ, ara á sì gbá òun àti kòkòrò inú rẹ̀ dànù.

Ṣùgbọ́n bí S àti C bá pàdé nínú ọmọ kan, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé, "Màmá, AS ní ìdajì A, ara rẹ̀ le. SC ní ìdajì C, C kì í sì í tẹ̀ kọdọrọ. Kí ló dé tí ti SC fi di àìsàn?" Ìbéèrè dáadáa ni. Ó da àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá láàmú fún ọdún púpọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun kan tí àwọn ìyá wa ń fi se ọṣẹ.

Ẹ rántí ọṣẹ dúdú. A máa ń sun èèpo kòkó títí yóò fi di eérú, a ó da omi sí eérú náà, a ó sẹ́ ẹ, omi tí ó jáde á máa ta ènìyàn lọ́wọ́. Ohun tí ó pọ̀ jù nínú omi eérú yẹn ni pòtásíọ̀mù. Pòtásíọ̀mù yìí kan náà ni Ọlọ́run kó sínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wa. Inú sẹ́ẹ̀lì pupa ní ín tó ìlọ́po 30 ju omi ẹ̀jẹ̀ tí ó wà níta lọ. Kò ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ògiri sẹ́ẹ̀lì tí ń fà á wọlé tọ̀sán tòru: bí ó bá ti ti sódíọ̀mù mẹ́ta síta, á fa pòtásíọ̀mù méjì wọlé. Jens Skou, ará Denmark, ni ó ṣàwárí rẹ̀ ní 1957, òun ni wọ́n sì fún ní ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1997, lẹ́yìn ogójì ọdún.

Kí ni ìwúlò rẹ̀? Omi ni. Ibi tí iyọ̀ bá lọ ni omi ń tẹ̀ lé e lọ. Bí pòtásíọ̀mù bá dúró sínú sẹ́ẹ̀lì, omi á dúró pẹ̀lú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á rọ̀, á lè gba inú iṣan tín-ín-rín kọjá. Bí pòtásíọ̀mù bá jò jáde, omi á bá a jáde, sẹ́ẹ̀lì á súnkì bí ata tí a sá sóòrùn. Àwa tí a ń gbé Jẹ́ríkò fẹ́ràn ìtàn Jóṣúà àti odi tí ó wó, ṣùgbọ́n ti sẹ́ẹ̀lì yìí, àdúrà wa ni kí odi má wó, kí ó má tilẹ̀ jò.

Ilẹ̀kùn kan wà lára odi náà tí pòtásíọ̀mù àti chloride jọ ń gbà jáde. Nínú ẹ̀jẹ̀ AA, ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá kéré ni ó máa ń ṣí, bí sẹ́ẹ̀lì bá ti dàgbà, ó ti nìyẹn. Ní 1985, Carlo Brugnara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nínú ẹ̀jẹ̀ CC, ilẹ̀kùn yìí kì í tì bí ó ti yẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń ṣe nínú SC. Omi ń lọ, ohun tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ń ki, bí ọbẹ̀ tí a gbàgbé sórí iná. Nínú ẹ̀jẹ̀ AS, S kò pọ̀ tó ìdajì, omi sì yí i ká, nítorí náà kò rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dì mú. Nínú SC, S tó ìdajì, ó sì há mọ́ ibi tí omi ti gbẹ. Ó rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n so kọ́ ara wọn, sẹ́ẹ̀lì tẹ̀ kọdọrọ, iṣan dí, egungun bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ní 1982 ni Bunn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá omi padà sínú sẹ́ẹ̀lì SC nínú yàrá ìwádìí, títẹ̀ náà sì dín kù. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé C kò dá àìsàn yìí sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó kàn ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún S ni.

Àwọn SS náà ní ilẹ̀kùn tiwọn. Tosteson ti rí i láti 1955 pé sẹ́ẹ̀lì wọn ń pàdánù pòtásíọ̀mù bí ó bá tẹ̀, Gárdos ará Hungary sì ṣàpèjúwe ilẹ̀kùn mìíràn ní 1958 tí ó ń ṣí bí calcium bá wọlé. Wọ́n ṣe oògùn kan, senicapoc, láti ti ilẹ̀kùn ti Gárdos. Ó tì í lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn gòkè díẹ̀, ṣùgbọ́n ìrora kò dín kù, wọ́n sì dá ìdánwò náà dúró ní 2007. Mo sọ èyí nítorí ẹni tí ó bá wá tà yín ní oògùn tí ó ní òun yóò "dí ihò ẹ̀jẹ̀". Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé jíjẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí mímu omi káún ni yóò dá pòtásíọ̀mù padà. Kì í ṣe pé pòtásíọ̀mù wọ́n nínú ara. Ilẹ̀kùn ni kò tì. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò le, tí ó wá ń mu káún, ewu ni ó ń pè.

Mo padà sí lẹ́tà ìyá yìí. Ní ojú ewé kẹta, ó kọ ọ́ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan pé oṣù kìíní ọdún ni ìrora náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọmọ bá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, tí wọ́n sì ṣe ìṣọ́ òru sí ìta gbangba nínú ọyẹ́. Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ mi. Sẹ́ẹ̀lì tí omi ń jò nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni a tún fi omi dù fún ọjọ́ mẹ́ta, a wá gbé e sínú òtútù. Ọmọ náà kò mọ̀ pé òun jẹ́ SC, àwọn olùdarí rẹ̀ kò mọ̀, n kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, kí olùdarí ọ̀dọ́ máa béèrè kí ó tó kéde ààwẹ̀. Ọmọ SS àti ọmọ SC kò gbọ́dọ̀ gba ààwẹ̀ tí kò ní omi. Oríṣìí ààwẹ̀ mìíràn wà: ẹni tí ó bá fi ẹran sílẹ̀ tàbí tí ó fi rédíò sílẹ̀ gbààwẹ̀ náà ni. Omi ni kí ó máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo, nínú ilé ẹ̀kọ́, nínú ilé ìsìn, nínú mọ́tò Dùgbẹ̀ tí kò kúrò lójú kan. Kí tíṣà má sì na ọmọ tí ó ń lọ tọ̀ léraléra.

Ohun tí ó ń tan àwọn ènìyàn jẹ nípa SC ni pé kì í fi ara hàn bí fòníkú-fọ̀la-dìde tí a mọ̀. Ojú ọmọ lè má pọ́n, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹlòmíràn, ó lè sáré, ó lè jó, kí ó pé ọdún mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ibi mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ ti máa ṣọ́ ọ. Èkíní ni orí egungun itan, níbi tí ó ti wọ ìbàdí. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibẹ̀, egungun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ọmọ á sì máa tiro gẹ́gẹ́ bí ti ọmọ yìí. Èkejì ni ojú. Ojú SC tilẹ̀ máa ń ní ìpalára ju ti SS lọ, nínú ẹ̀yìn ojú níbi tí dígí kò lè fi hàn, kò sì ní dun ọmọ títí ìran yóò fi bàjẹ́. Láti nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, kí dókítà ojú máa wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ̀kẹta ni oyún. Obìnrin SC tí ó lóyún kò gbọ́dọ̀ bí sí ilé agbẹ̀bí tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ní ìpamọ́, bí ó ti wù kí àdúrà ibẹ̀ gbóná tó.

Ní ti ibà, ẹ má ṣe fi oògùn ìdènà rẹ̀ àti folic acid ṣeré bí dókítà bá ti kọ ọ́. C kò dáàbò bo ọmọ SC lọ́wọ́ ibà débi tí ẹ ó fi gbàgbé nẹ́ẹ̀tì. Bí ara bá gbóná, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Hydroxyurea ti ran ọ̀pọ̀ SS lọ́wọ́ láti ìgbà tí ìwádìí 1995 ti jáde ní Amẹ́ríkà. Fún àwọn SC, wọ́n ti dán an wò ní Korle Bu ní Accra. Dókítà nìkan ni kí ó bá yín sọ ọ́, nítorí ó gba kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bí a ti ń lò ó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, ẹ wo ìwé àyẹ̀wò yín. Bí AA ni a kọ sí i, ẹ béèrè irú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe. Bí kò bá ṣe electrophoresis tàbí HPLC, ẹ lọ tún un ṣe, kí ó sì jẹ́ ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Owó méjì ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò tó owó áńkárá kan. Bí AS bá fẹ́ AC, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà mẹ́rin ni ó wà: ọmọ lè jẹ́ AA, ó lè jẹ́ AS, ó lè jẹ́ AC, ó sì lè jẹ́ SC. Kò túmọ̀ sí pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SC, àwọn mẹ́ta tí ó kù ti bọ́. Oyún kọ̀ọ̀kan, ìdìbò tirẹ̀. AC pẹ̀lú AC lè bí CC, èyí tí kò le tó SC, ṣùgbọ́n ọlọ inú ọmọ náà lè wú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì máa dín díẹ̀. N kò sọ pé kí AS àti AC má fẹ́ ara wọn. Àgbàlagbà ni yín. Mo ní kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó fẹ́.

Nísinsìnyí, arábìnrin wa ní Jẹ́ríkò. Lọ sí UCH ní Orítamẹ́fà, sí ẹ̀ka tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, ìwọ àti ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí wọ́n tún ti gbogbo yín ṣe, títí kan ti àkọ́bí náà, nítorí àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì pàápàá kò tíì mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Bí AC rẹ bá jáde, kọ lẹ́tà sí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tìrẹ: ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ ni ó fún ọ ní C, ó sì lè ti fún wọn náà. Kí àkọ́bí rí dókítà egungun nípa ìbàdí rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ó sì rí dókítà ojú lẹ́yìn rẹ̀. Má jẹ́ kí ó máa fò sókè tàbí kí ó gbé ẹrù sórí kí dókítà egungun tó sọ̀rọ̀.

Ìyá ọkọ, bí ẹsẹ̀ yín bá gbé e, ẹ bá wọn lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ náà hàn yín, kí ẹ fi ojú ara yín rí ìlà tí ó wọ́ gbẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ ni ó gbé e wá láti ilé bàbá tàbí ìyá tirẹ̀, kò gbé e wá láti ìta. Bàbá ọmọ, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ yín, ẹ kó ìrọ̀rí yín padà sí yàrá.